Kọ́mú fún Olórí Orin

Bí ará ilé bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe lókè òkun, mo máa ń dáhùn pé aṣọ ni mò ń rán. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Irú aṣọ tí mò ń rán gan-an ni n kì í tètè dárúkọ, nítorí Ìṣẹ́-Èkìtì ni wọ́n bí mi sí, níbi tí obìnrin ti máa ń sá kọ́mú sábẹ́ ìró lórí okùn kí ọkùnrin tó ń kọjá má baà rí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Alàgbà nítorí ipò rẹ̀ nínú ìjọ, ni kò jẹ́ kí n sinmi. Ó fẹ́ fi iṣẹ́ mi sínú àdúrà, ó sì ní òun kò lè máa gbàdúrà lórí ohun tí òun kò mọ̀.

“Aṣọ kí ni?” ló bi mí lórí fóònù.

“Aṣọ obìnrin ni, sà.”

“Bùbá àbí síkẹ́ẹ̀tì?”

“Aṣọ abẹ́ ni, sà.”

Ó húkọ́ díẹ̀. “Ti òkè àbí ti ìsàlẹ̀?”

Mo ní ti òkè ni. Ó ṣe “hẹn”, ó wá súre fún mi pé iṣẹ́ ọwọ́ mi yóò gbé ọ̀pọ̀ èèyàn ró. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá Bàbá mọ ohun tó sọ.

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti wà ní ìlú kékeré kan ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. N kò ní sọ̀rọ̀ òtútù. Gbogbo ẹni tó bá ti débí ló ń ròyìn òtútù bí ẹni pé òun nìkan ló mú. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ni ìdákẹ́jẹ́ wọn. Ṣọ́ọ̀bù mi nílé wà létí ọ̀nà tó lọ sí Emùré. Kò sí ọlọ́kadà tó ń kọjá tí kì í kí mi kú iṣẹ́, bí ẹnìkan bá sì kọjá tí kò kí mi, màá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́. Ní àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá ìránṣọ wọn níbí, mo kí gbogbo obìnrin tó wà nídìí maṣíìnì lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì tẹ orúnkún díẹ̀ fún èyí tó dàgbà jù. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹnì karùn-ún, wọ́n ti ń wo ojú ara wọn. Ẹnì kẹfà rò pé owó ìdáwó ni mò ń gbà kiri, ó ti na ọwọ́ sí báàgì rẹ̀ kí n tó ṣàlàyé.

Èyí tí mo tẹ orúnkún fún ni Jánẹ́tì. Òun ló ń gé pátánì, òun náà ló sì ń kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, irun rẹ̀ funfun, gíláàsì ojú rẹ̀ sì máa ń rọ̀ sí àyà rẹ̀ lórí okùn. Wọ́n ní kí n máa pè é ní Jánẹ́tì lásán. Ẹnu mi kò gbà á. Ẹni tó lè bí mi, kí n wá máa la orúkọ mọ́ ọn lórí bí ẹni ń pe ewúrẹ́? Mo sọ ọ́ di Àǹtí Jánẹ́tì. Ó ní òun kì í ṣe àǹtí ẹnikẹ́ni, pé arákùnrin kan ṣoṣo tí òun ní kò bímọ. Mo ní ó dáa, Àǹtí. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ó ti ń jẹ́ ẹ.

Ìkọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Ìkọ́ tí wọ́n fi ń de kọ́mú lẹ́yìn, òun nìkan, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Èmi tí mo ti rán aṣọ ìyàwó fún ìlú mẹ́ta, tí ọmọṣẹ́ méje ti ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ mi, mo jókòó, mò ń rán ìkọ́ ní mẹ́ta-mẹ́ta. Inú mi kò dùn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìkọ́ mi kan tí wọ́n dá padà rí, ìyẹn sì ni ohun àkọ́kọ́ tí mo lè fi yangàn níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tí mo lè yangàn lójú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń le jù. Bí mo bá dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, màá bọ́ bàtà, màá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ilé á dákẹ́ lọ rọ́rọ́. Fóònù Màmá mi ló máa ń lé ìdákẹ́jẹ́ náà lọ. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, bó bá sì kọ́kọ́ gbé fóònù, Yorùbá inú ìwé ló máa ń sọ, bí ẹni tó dúró níwájú pátákó. Bí ọ̀rọ̀ bá wá wọ̀ ọ́ lára ni Èkìtì á máa jáde. Á ròyìn ìwàásù, á ròyìn ẹni tó sùn nígbà ìwàásù, á ròyìn ọbẹ̀ tó sè. Olórí ìròyìn rẹ̀ ni orin, nítorí òun ni olórí orin àwọn ìyá nínú ìjọ wa láti ìgbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta. Nígbà tí bàbá mi kú, oṣù mẹ́rin gbáko ni kò fi sọ ju “hẹn” àti “rárá” lọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá fà á lọ síbi ìdánrawò orin ni ohùn rẹ̀ padà. Nítorí náà, mo mọ ohun tí orin jẹ́ fún un.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi kan, ó ròyìn títí, kò mẹ́nu kan orin. Mo bi í. Ó ní òjò ti ń rọ̀ dáadáa ní Ìṣẹ́. Mo tún bi í. Ó ní àgbàdo ti gbó. Bí mo ṣe ń bi í lẹ́ẹ̀kẹta ni Màmá Dúpẹ́, aládùúgbò wa tó ti ń gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé wa kí wọ́n tó bí mi, já fóònù gbà.

“Kò ní sọ fún ọ, èmi á sọ ọ́!” ló ní. “Ó ti sọ fún pásítọ̀ pé bí a bá ti ṣe ìkórè tán, òun á gbé uṣẹ́ olórí sílẹ̀. Ùdí rẹ̀? Èjìká! È lè gbé apá sókè mọ́. Orí ìjókòó ló ti ń darí orin láti oṣù méjì.”

“Màmá Dúpẹ́, ẹ fún mi ní fóònù mi,” ohùn Màmá mi ń bọ̀ láti ẹ̀yìn.

“Ẹ ṣí i han ọmọ yín!”

Ó ṣí i hàn mí. Ibi tí okùn kọ́mú ti ń fà á ti jin wọnú bí etí kànga tí okùn garawa ti jẹ, òsì àti ọ̀tún. Ó ti ká àkísà kéékèèké sábẹ́ okùn náà. Ó ní òun ti lọ rí nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì sì ní egungun òun kò ní nǹkan kan, pé ẹrù tó wà lórí èjìká òun ló pọ̀ jù.

“Ẹrù wo, mà?” mo bi í, bí òmùgọ̀.

“Ẹrù tí ìrẹ náà mu dàgbà,” ni Màmá mi dáhùn.

Màmá mi kì í ṣe obìnrin kékeré. Ọlọ́run bù fún un ní àyà, ó sì fi èènì sí i. Kọ́mú tí wọ́n ń tà lọ́jà wa, àwọn ọmọge tí kò ní ohun tí wọ́n ń gbé ni wọ́n rán an fún: okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lókè, rọ́bà ẹlẹ́gẹ́ nísàlẹ̀, òdòdó níwájú. Èmi ń jókòó láàárín kọ́mú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ìyá mi sì ń fi àkísà tẹ́ èjìká. Ojú tì mí gidigidi.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e sílẹ̀,” mo bẹ̀ ẹ́. “Màá rán kọ́mú kan fún yín, tí kò ní dùn yín.”

“Ìrẹ? Ṣebí ìkọ́ lo ní ò ń rán.”

Oṣù mẹ́rin ló kù kí ìkórè dé. Mo mọ̀ pé bí Màmá mi bá gbé ipò yẹn sílẹ̀, kò ní gbà á padà, bí ilé tó dá wà bá sì tún dákẹ́ mọ́ ọn lórí, kò sí mi nítòsí láti fà á jáde.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá Àǹtí Jánẹ́tì ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, mo sọ fún un. Ó fi ẹnu tọ́ka sí àpótí tí wọ́n ń da àjákù aṣọ sí. Ó ní kí n mú ohun tí mo bá fẹ́ níbẹ̀, kí n rán an, kí n mú un wá.

Mo rán an láàárín ọjọ́ mẹ́rin, mo sì rán an bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ọ̀gá mi ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, máa ń wí pé èpè ni aṣọ tí kò ní àyè: ẹni tó bá gé aṣọ mọ́ ènìyàn lára ń gbàdúrà kí onítọ̀hún má sanra. Nítorí náà mo fi ínǹṣì méjì sílẹ̀ fún Màmá mi níhà kọ̀ọ̀kan, kó lè ní ibi tí yóò sanra sí. Àǹtí Jánẹ́tì wọ kọ́mú náà fún ère tí wọ́n fi ń dán aṣọ wò. Kọ́mú náà rọra sọ̀ kalẹ̀, ó lọ jókòó sí ìdí ère náà.

“Ta lo rán an fún?” ló bi mí.

“Ìyá mi.”

“Òun àti ta ni yóò jọ wọ̀ ọ́?”

Gbogbo yàrá náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, ó sì kọ́ mi. Ó ní kọ́mú kì í ṣe bùbá. A ń gé e kéré ju ara lọ, rọ́bà ni yóò wá nà dé ibi tó kù. Ó ní ẹrù kò gbọdọ̀ wà lórí okùn èjìká rárá. Okùn kàn ń dúró kí nǹkan má baà yẹ̀ ni. Ọ̀já tó yí abẹ́ àyà ká ló yẹ kó gbé ẹrù.

Mo dúró, mò ń wo pátánì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí mi, n kò kàn mọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ ni. Ìgbà tí mo ń lọ sílé ni mo rí ọkùnrin kan tó so ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà pẹ̀lú báàgì olókùn méjì, tó ń fi ọwọ́ ra èjìká bó ṣe ń lọ, ni mo bá pariwo lójú títì. Ọmọ pípọ̀n ni! Ta ló ń fi okùn èjìká pọn ọmọ nílé wa? Ìró ń dì í mú, ọ̀já ń gbà á nísàlẹ̀, ìdí àti ìhà ló ń gbé e, obìnrin á sì pọn ọmọ ọdún méjì láti Ìṣẹ́ dé oko, kò ní ráhùn èjìká.

Mo fi han Àǹtí Jánẹ́tì ní ọjọ́ kejì. Mo fi síkáàfù mi yí ère náà ká bí ẹni pọn ọmọ sẹ́yìn. Mo gbé páálí òwú mẹ́ta sínú rẹ̀, mo ní kó fà á wò. Ó fà á, kò sọ̀. Ó gbé gíláàsì sójú, ó tún un fà. Ó ní, “Gé ọ̀já náà kó fẹ̀ tó báyìí,” ó sì na ìka mẹ́rin.

Mo wá nílò ìwọ̀n Màmá mi gan-an, nítorí ojú lásán ni mo fi wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀. Mo ní kí Màmá Dúpẹ́ gba téèpù lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ mi kan, kó wọ̀n ọ́n bí mo bá ṣe ń wí. Ìjà ni ìwọ̀n náà.

“Ẹ gbé apá,” ni mo wí.

“Ṣebí apá náà ló ń dùn mí.”

“Ẹ gbé e níwọ̀n tí ẹ lè gbé e. Ẹ má mí.”

“Ṣé kí n kú ni?”

Wọ́n pe ìwọ̀n fún mi, òsì lọ́tọ̀, ọ̀tún lọ́tọ̀, nítorí Àǹtí Jánẹ́tì ti ní ọmú méjì kì í sábà dọ́gba. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gé e. Mo rán an dáadáa, mo sì gbé e lọ fún un. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó wò ó títí. Òsì fi ínǹṣì méjì ju ọ̀tún lọ. Ó rọra bi mí bóyá ara ìyá mi le. Ó ní kí ó lọ rí dókítà. Ọkàn mi já. Mo pe ilé lójú ẹsẹ̀.

“Màmá, ṣé ọmú òsì yín ti wú ni? Ṣé ó ń dùn yín?”

“Kí ló máa wú u?”

“Ìwọ̀n tí ẹ fún mi ni. Òsì tóbi ju ọ̀tún lọ.”

 Mo gbọ́ ẹ̀rín Màmá Dúpẹ́ láti ẹ̀yìn.

“Fóònù kékeré mi wà níbẹ̀,” Màmá mi wí níkẹyìn.

“Nínú kọ́mú?”

“Níbo ni kí ó wà? Òun àti kọ́kọ́rọ́ ṣítọ̀. Àti áńkáṣíìfù mi. Àti swíìtì méjì, nítorí ọ̀nà ọ̀fun.”

“Ẹ kò kó wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀n yín?”

“Bí ẹnìkan bá wá pè mí nígbà tí ẹ ń wọ̀n mí ńkọ́?”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún Àǹtí Jánẹ́tì, ojú rẹ̀ kọ́kọ́ le. Ó tún un bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i: kọ́kọ́rọ́? Ó wá fi orí lé tábìlì. Ó rẹ́rìn-ín débi pé àwọn tó wà nídìí maṣíìnì dá iṣẹ́ dúró. N kò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

Mo máa ń rò ó pé níbí ni mo ti mọ ohun tó wà láàárín ènìyàn àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Bí mo bá ṣubú lójú títì níbí, wọn á pe ọkọ̀ kíá, wọn á fi aṣọ bò mí, wọn á sì bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ta ni kí àwọn pè. Nílé, ọkọ̀ lè má tètè dé, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó yẹ kí wọ́n pè ti dúró lé mi lórí, wọ́n ń ké, wọ́n ń bú ẹni tó da omi sílẹ̀. Ìnira tí mò ń sá fún nílé ni pé gbogbo ènìyàn ló mọ̀ mí. Kò pẹ́ níbí tí mo fi ń wá ẹni kan tí yóò fín mi níràn. Mo lè sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín báyìí. Ní ọdún kìíní, ẹkún ni.

Wọ́n tún Màmá mi wọ̀n, pẹ̀lú ọwọ́ òfo àti àyà òfo, Màmá Dúpẹ́ sì búra pé òun ti yẹ ibẹ̀ wò. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Iwájú, lábẹ́ ọmú, mo lo aṣọ líle tí kì í nà rárá. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, láti abẹ́ apá dé ẹ̀yìn, ni mo fi rọ́bà fífẹ̀ sí, kó lè máa nà bó bá ń mí, kó sì máa padà. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo gé rọ́bà náà lódì: dípò kó máa nà yí ara ká, ó ń nà sókè sódò, ère náà sì dà bí ẹni tó ń jó. Mo tú u. Mo ṣe okùn èjìká ní ìbú ìka mẹ́ta, mo fi fóòmù tẹ́ abẹ́ rẹ̀, mo jẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé lẹ́yìn. N kò fi wáyà sí i. Ní ẹ̀gbẹ́ òsì, mo rán àpò kékeré kan mọ́ ọn.

“Kí ni ìyẹn wà fún?” Àǹtí Jánẹ́tì béèrè, ó sì ti ń dáhùn ara rẹ̀ kí n tó lanu. “Kọ́kọ́rọ́.”

Ó fà á, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé òkúta òṣùwọ̀n sínú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó ní kí n fi ránṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló gbé mi kúrò nídìí ìkọ́, ó fi mí sídìí pátánì. Kò gbóríyìn fún mi. Ó kàn gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ni.

Arákùnrin kan láti Ọ̀rùn-Èkìtì, tí a jọ ń lọ ìjọ níbí, ló ń lọ sílé. Mo di kọ́mú náà sínú ọ̀rá méjì, mo sọ fún un pé aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ìkórè dé.

Ó dé ọwọ́ Màmá mi ní ọjọ́ Àìkú. Mo pè é. Ó ní, “Ó ti dé, a dúpẹ́,” ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìwàásù. Mo pè é ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní òun wà lójú ọ̀nà. Mo pè é ní ọjọ́bọ̀, kò gbé e. Mo pe Màmá Dúpẹ́, ẹni tí kì í pa àṣírí mọ́ fún ìṣẹ́jú kan, ó ní kí n bi ìyá mi. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé bí ó bá ti dùn ún, kò ní lè sọ fún mi, nítorí yóò máa ro wàhálà tí mo ṣe lórí rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo gé pátánì mẹ́ta bàjẹ́. Àǹtí Jánẹ́tì wò mí, kò bi mí. Ó bá mi po tíì, ó fi ṣúgà mẹ́ta sí i.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, fóònù dún. Fídíò ni. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wà, Màmá Dúpẹ́ ló di fóònù mú, Màmá mi dúró sí ọ̀ọ́kán pẹ̀lú ìwé orin rẹ̀.

“Olùkọ́ kì í fún ọmọ ní máàkì kó tó yẹ uṣẹ́ rẹ̀ wò,” Màmá mi bẹ̀rẹ̀. “Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò fún ọjọ́ méje. Mo fi í gbálẹ̀. Mo fi í gún uyán. Mo fi í dúró ní gbogbo ìsìn òní, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.”

“Màmá, ẹ sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́.”

Ó gbé ìwé orin fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó na apá méjèèjì sókè, gbọọrọ, bí ó ti máa ń ṣe bí orin bá fẹ́ gbé. Ó dá wọn dúró sókè. Èmi ni mo ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin níbẹ̀, láìsí ohun èlò, ohùn rẹ̀ sì jáde láti ìsàlẹ̀ ikùn, ohùn tí n kò tíì gbọ́ láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé. Àwọn ìyá tó kù gbà á.

“Èjìká è dùn mí mọ́,” ló wí nígbà tó sọ apá kalẹ̀. “Mo ti sọ fún pásítọ̀ pé mi è gbé e sílẹ̀ mọ́. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.”

“Mẹ́jọ? Kí ló gba méjì?”

“È ní léèsì. Àpò rẹ̀ sì kéré, kọ́kọ́rọ́ nìkan ló gbà.”

Màmá Dúpẹ́ yí fóònù sí ara rẹ̀. Ó ní òun náà ti wọn ara òun, pé Ìyá Àlùfáà ti wọ̀n, pé obìnrin mọ́kànlá ló ti kọ ìwọ̀n sílẹ̀, gbogbo wọn sì ti kó ohun inú àyà wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀n. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń wá bíírò tí màá fi kọ ọ́. Màmá mi gba fóònù padà. Ó gbé e sún mọ́ ojú débi pé iwájú orí rẹ̀ nìkan ni mo rí.

“Ìrẹ ńkọ́?” ló bi mí.

“Èmi kí ni, mà?”

“Ta ló wọn tìrẹ?”

Mo ní mo wọn ara mi.

“Ẹnìkan kì í wọn ẹ̀yìn ara rẹ̀,” ó wí. “Ọmọ mi, ṣé kò sí ẹni tó lè di etí téèpù mú fún ọ níbẹ̀ ni?”

 Kọ́mú tí mo wọ̀ nígbà náà, ọjà Ìṣẹ́ ni mo ti rà á ní ọ̀sẹ̀ tí mo ń bọ̀, rọ́bà rẹ̀ sì ti kú láti ọdún kejì. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń rán kọ́mú, n kò ráyè rán ọ̀kan fún ara mi, nítorí kò sẹ́ni tí mo lè bẹ̀ pé kó fi ọwọ́ kàn mí. Màmá mi dúró dè mí lórí fóònù. Ó ní kí n lọ wá ẹnìkan. Kò sọ ọ́ bí olùkọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí àwọn tó kù lọ jẹun, mo yọ téèpù kúrò lọ́rùn mi, mo gbé e fún Àǹtí Jánẹ́tì. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọn ara mi.” Ó bọ́ gíláàsì, ó tún un gbé sójú. Ó ní kí n gbé apá. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì yí mi ká láti mú etí téèpù lẹ́yìn, orí rẹ̀ sì kan èjìká mi díẹ̀, nítorí kò ga. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná. Kò sẹ́ni tó tíì na ọwọ́ yí mi ká láti ìgbà tí Màmá mi ti dì mọ́ mi níwájú ilé wa. Ó fa téèpù náà pọ̀ níwájú, ó pe ìwọ̀n.

Mo sọ fún un pé n kò gbọ́, kó bá mi tún un wọ̀n.

Irọ́ ni. Mo gbọ́.

Ó wò mí lójú fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún un wọ̀n.